Pátákó Tí Zelpha Wó Lulẹ̀

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n gbáko ni Zelpha Stidham fi pín lẹ́tà lójú ọ̀nà Odò Tarkiln, láti ibi afárá títí dé orí òkè níbi tí ọ̀dà ojú títì ti tán, kò sì fi ọkọ̀ gbá ọgbà ẹnikẹ́ni rí. Ó wakọ̀ nínú yìnyín, ó wakọ̀ nínú kùrukùru, ó wakọ̀ lọ́dún tí odò kún bo títì tí àwọn èèyàn ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ tó fẹ̀yìn tì, ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́ dìde níwájú gbogbo wọn, ó ní bí ẹnikẹ́ni bá ń wá awakọ̀ tó mọṣẹ́ ní gbogbo Kentucky, kí ó má wulẹ̀ rìn jìnnà. Kò tíì pé ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹfà, tí oòrùn ràn, tí títì gbẹ táútáú, ni Zelpha fi ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ kékeré wó pátákó ìrántí Asahel Brannick lulẹ̀.

Tòlótòló ló fà á. Ìyá tòlótòló kan jáde láti inú igbó ní kọ́nà tó wà níwájú ilé Delbert Brannick, ó kó ọmọ mọ́kànlá sẹ́yìn, ó ń rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni tí bàbá rẹ̀ la ọ̀nà náà. Zelpha ya ọkọ̀ sápá òsì lójijì. Ìyá kọjá, àwọn ọmọ kọjá, ọkọ̀ kò kọjá. Òpó irin náà tẹ̀ kọdọrọ, pátákó tó ti wà lórí rẹ̀ kí wọ́n tó bí Zelpha fò sókè, ó balẹ̀ sórí òkúta, ó là sí méjì.

Nǹkan kan kò ṣe Zelpha. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbé apá kan, ó gbé èkejì, ó gbìyànjú láti so wọ́n pọ̀ bí ẹni tó fẹ́ lẹ àwo tó fọ́. Kò nílò láti ka ohun tó wà lára wọn, ó ti há a sórí tipẹ́: pé Asahel Brannick ni èèyàn àkọ́kọ́ tó tẹ ilẹ̀ yìí dó, pé ní ọdún 1775 ó kọ́ ilé igi sí tòsí ibí, ó fi àáké pa béárì, ó sì gbin àgbàdo àkọ́kọ́ sí àfonífojì náà, pé ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ méjì tẹ̀ lé e wá.

Nígbà tó gbójú sókè, Delbert ti dúró sí òdìkejì títì, ó fi àtàǹpàkò méjèèjì há okùn sòkòtò rẹ̀. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni, ó ga, ó gbẹ, ó sì jẹ́ ọ̀kan lára àtọmọdọ́mọ Asahel. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, òun ni wọ́n ní kó ṣí aṣọ lójú pátákó náà lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ rì í mọ́lẹ̀. Látìgbà náà, bí ọkọ̀ àjèjì kan bá ti dúró ní kọ́nà yẹn, kí ẹni tó wà nínú rẹ̀ tó ka ìlà kejì, Delbert á ti sọ̀ kalẹ̀ láti fàráńdà rẹ̀, á ti máa fi ọwọ́ júwe bí béárì ṣe dìde.

Ó wo pátákó, ó wo ọkọ̀, ó wo Zelpha.

"Òjò ò rí i pa," ló wí. "Yìnyín ò rí i pa. Béárì gan-an ò rí i pa. Ó wá kù sọ́wọ́ obìnrin tó ń pín lẹ́tà."

"Mo ti fẹ̀yìn tì, Mísítà Delbert."

"Ìyẹn ló wá burú jù níbẹ̀."

Zelpha bẹ̀ ẹ́, ó sì ṣèlérí fún un pé kí ewé tó bẹ̀rẹ̀ sí í já, pátákó á ti padà síbi tó wà. Delbert wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kò fi dáhùn ìkíni rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó kó ara rẹ̀ kúrò lórí àga tó ti ń jókòó láti ogójì ọdún, ó lọ jókòó sí tòsí ẹ̀rọ amúlétutù tó ń kán omi, kó má baà rí ẹ̀yìn orí Zelpha. Àwọn ará ìlú kò sì ran Zelpha lọ́wọ́. Ní ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ ẹran ọ̀sìn, wọ́n á ní kí ó jọ̀ọ́ sọ fún àwọn ṣáájú kó tó gba àdúgbò wọn kọjá, kí àwọn lè kó sàréè bàbá àwọn kúrò lẹ́bàá ọ̀nà. Homer Tarver tó ń gẹrun lẹ́gbẹ̀ẹ́ báǹkì lẹ àwòrán tòlótòló mọ́ gíláàsì rẹ̀, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Èmi kọ́."

Zelpha kọ̀wé sí ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó irú pátákó bẹ́ẹ̀. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Corinne Abshire ló pè é padà lórí fóònù. Ohùn rẹ̀ dùn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò rọrùn. Ó ní àwọn á ṣe pátákó mìíràn, kò sí wàhálà nínú ìyẹn, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣe ti àkọ́kọ́, ohun tó bá wu ẹbí ni wọ́n ń kọ sí i. Nísinsìnyí, gbogbo gbólóhùn ló gbọ́dọ̀ ní ìwé tó ń gbè é lẹ́sẹ̀. Ó bi Zelpha pé ibo ni ìtàn béárì ti wá.

"Ọ̀dọ̀ Delbert ni."

"Ṣé ìwé ni Delbert?"

Zelpha gbà pé Delbert kì í ṣe ìwé. Corinne tún sọ pé àwọn kò ní lè kọ ọ́ mọ́ pé Asahel ni èèyàn àkọ́kọ́ níbẹ̀, nítorí àwọn Shawnee, ẹ̀yà onílẹ̀ Amẹ́ríkà, ti ń ṣọdẹ ní àfonífojì yẹn, wọ́n ti ń rìn ín, wọ́n ti ń sin òkú wọn síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó ń jẹ́ Brannick tó gun òkè náà kọjá. Zelpha kò jiyàn. Nígbà tó wà lọ́mọdé, gbogbo ìgbà tí bàbá rẹ̀ bá ti túlẹ̀ oko ni wọ́n ń ṣa orí ọfà olókùúta. Garawa kan kún bámú nínú àká wọn. Kò ronú rí pé àwọn tó gbẹ́ wọn ní láti ti dé ibẹ̀ ṣáájú Asahel.

Bó ṣe di pé ó ń lọ wá ìwé ní kọ́ọ̀tù nìyẹn. Akọ̀wé tó ń tọ́jú ìwé níbẹ̀, Ina Durrett, mú un sọ̀ kalẹ̀ sí yàrá abẹ́ ilé, ó fi àwọn ìwé aláwọ màlúù hàn án, ó sì kìlọ̀ fún un pé àwọn ọ̀mọ̀wé méjì ti wá rí, tí wọn kò rí ìwé náà kà nítorí pé ọwọ́ akọ̀wé ayé ìjọ́un rí bí ẹsẹ̀ adìẹ nínú ẹrẹ̀. Zelpha rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ti fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ka ohun tí àwọn ará Tarkiln ń kọ sára àpòòwé, tí ó sì ń rí i dájú pé ó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín, ìwé wo ló tún kù tó máa dẹ́rù bà á? Ó gbé ìgò ojú wọ̀, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé kìn-ín-ní.

Ọjọ́ kẹrin ló rí i. Ìwé àwọn adájọ́ ilẹ̀ ni, ti ọdún 1780. Nígbà yẹn, ẹni tó bá lè fi ẹlẹ́rìí hàn pé òun ti gbin àgbàdo síbì kan kí ọdún 1778 tó wọlé, irínwó éékà ilẹ̀ ibẹ̀ di tirẹ̀. Asahel Brannick ti wá béèrè tirẹ̀, ẹlẹ́rìí kan sì dìde. Zelpha fi ìka tẹ̀ lé ìlà kọ̀ọ̀kan, ó ń kà á sókè fún ara rẹ̀:

"Èmi, Moses Tarver, búra pé ní oṣù karùn-ún ọdún 1776, èmi àti àbúrò mi dé Odò Tarkiln. A kò bá ọkùnrin kankan níbẹ̀. Obìnrin kan la bá, Keturah, ìyàwó Asahel Brannick, tí wọ́n ń pè ní Kitty, àti ọmọ rẹ̀ kékeré méjì. Ó ti fi ọkọ́ gbin àgbàdo sí etí odò, àgbàdo náà sì ti tó orúnkún. Ó ní ọkọ òun ti padà sí Carolina láti oṣù kọkànlá ọdún tó kọjá, pé iyọ̀ ló lọ wá. Awọ béárì kan wà lára ògiri. A bi í pé ta ló pa á. Ó ní béárì náà wá kó irúgbìn òun jẹ, ebi ń pa á, ebi sì ń pa àwọn náà. A bi í bóyá ó fẹ́ kí a mú òun padà síbi tí èèyàn pọ̀ sí. Ó ní rárá, pé bí a bá ní iyọ̀, kí a fún òun níwọ̀nba."

Zelpha kà á tán, ó tún un kà. Ẹ̀rín kọ́kọ́ ń pa á, nígbà tó yá ẹ̀rín náà lọ, ó kàn ń wo ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ti di opó láti ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì. Ó mọ bí ilé ṣe ń dákẹ́. Ó pe Ina, Ina fi ìgò tirẹ̀ kà á, ó sì gbé ọwọ́ lé àyà.

"Ta ló máa wá sọ fún Delbert?"

"Èmi tí mo wó o náà ni," Zelpha dáhùn.

A kì í fi ọwọ́ òfìfo ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Zelpha ṣe páì èso áápù, èyí tó ga jù nínú gbogbo páì tó ti ṣe rí, ó sì gbé e lọ sí ilé Delbert ní ọ̀sán ọjọ́bọ̀ pẹ̀lú ẹ̀dà ìwé náà nínú àpòòwé. Delbert ṣí ilẹ̀kùn. Ó wo Zelpha pẹ́, ó wo páì pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì yẹ̀ fún un.

Kò jẹ́ kó gé páì kó tó ka ìwé náà. Ó kà á pẹ̀lú ẹnu tó ń mì, ó dórí ìlà kẹta, ó sọ ìwé sórí tábìlì, ó ní irọ́ ni. Zelpha ní ọkùnrin náà búra. Delbert ní Tarver ni kẹ̀, ìgbà wo ni Tarver sọ òótọ́ rí, kódà Homer tó ń gẹrun, kò gé irun òun dọ́gba rí láyé. Ó tún gbé ìwé náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ka oṣù, nítorí Tarver sọ nísàlẹ̀ ìwé ìgbà tí Asahel padà dé. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Oṣù mẹ́tàdínlógún," ló wí. "Irú iyọ̀ wo lèèyàn ń wá fún oṣù mẹ́tàdínlógún?"

Zelpha ti pinnu pé òun kò ní sọ ohunkóhun tí ìwé náà kò bá sọ. Delbert tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè, ó ń ka ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dé ibi orúkọ obìnrin náà.

"Kitty," ló wí.

Ó dìde, ó lọ sójú fèrèsé ẹ̀yìn. Láti ibẹ̀ èèyàn lè rí ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan létí odò, koríko ló kún un.

"Pápá Kitty là ń pe ibẹ̀ yẹn látìgbà tí mo ti dáyé. Mo bi bàbá mi pé ta ni Kitty. Ó ní màlúù ni."

"Màlúù?"

"Màlúù tó kú síbẹ̀. Èmi náà sọ fún àwọn ọmọ mi bẹ́ẹ̀. Zelpha, mo tiẹ̀ sọ àwọ̀ rẹ̀ fún wọn. Mo ní ó pupa, ó ní funfun lójú."

Zelpha gbìyànjú láti di ara rẹ̀ mú, kò ṣeé ṣe. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀ bí omi tó ya ìsédò. Delbert yíjú sí i bí ẹni tó fẹ́ bínú, ẹnu tirẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó jókòó, ó fi ọwọ́ gbá tábìlì, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rín lọ, omi náà kò tètè dá. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún.

"Obìnrin tó bí gbogbo wa," ló sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "la sọ di màlúù."

Lẹ́yìn náà ó ní kí Zelpha gé páì.

Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo ọjọ́bọ̀ ni Zelpha ń lọ sí ilé Delbert láti jọ kọ ohun tó máa wà lára pátákó tuntun. Corinne ti fún wọn ní iye lẹ́tà tí wọn kò gbọ́dọ̀ kọjá, iye náà kò sì pọ̀. Delbert á se ẹ̀wà pẹ̀lú egungun ẹlẹ́dẹ̀, Zelpha á gbé búrẹ́dì àgbàdo wá, wọ́n á jẹun, wọ́n á sì jà. Zelpha rò pé Delbert á máa gbèjà Asahel ni, ó ti múra sílẹ̀ fún ìyẹn. Ohun tó wà lẹ́yìn ọ̀fà ju òje lọ: Delbert ti yí padà pátápátá, kò tiẹ̀ fẹ́ rí orúkọ bàbá ńlá rẹ̀ sójú mọ́.

Ó bínú sí i bí ẹni tó bínú sí àbúrò rẹ̀ tó sá nídìí iṣẹ́. Ó ní òun ti fi ọdún méjìléláàádọ́rin júwe bí ọkùnrin yẹn ṣe fi àáké pa béárì, tí òun ń ṣe bí béárì níwájú àwọn àjèjì láti Ohio, nígbà tí ọkùnrin náà kò tiẹ̀ sí nílé. Bí ó bá jẹ́ tòun ni, Keturah nìkan ni wọ́n máa kọ, kí wọ́n kọ sí abẹ́ rẹ̀ pé ọkọ rẹ̀ lọ ra iyọ̀. Zelpha ní ìyẹn náà kò dára. Delbert ní kí ló burú níbẹ̀, ṣebí òtítọ́ ni.

Ọkàn Zelpha dá a lẹ́jọ́. Ó mọ̀ pé kò dára kí èèyàn wó ọkùnrin kan lulẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nínú ọdún kan. Ó padà sí yàrá abẹ́ kọ́ọ̀tù. Ó ti rí i tẹ́lẹ̀ pé ewé tó tẹ̀ lé ẹ̀rí Moses Tarver lẹ̀ mọ́ èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀, omi ti kan án láti ayébáyé, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ti dùn jù lọ́jọ́ yẹn láti yà á. Ina mú ọ̀bẹ pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń ṣí lẹ́tà wá. Wọ́n jọ rọra yà á, díẹ̀díẹ̀, títí ewé méjèèjì fi pínyà.

Ní ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, Zelpha kò gbé oúnjẹ kankan lọ. Ó gbé ìwé náà síwájú Delbert, ó ní kó má wulẹ̀ wá ìgò ojú, òun á kà á fún un.

"A bi Asahel Brannick bóyá òun ló gbin àgbàdo tó fi ń béèrè ilẹ̀ yìí. Ó ní kì í ṣe òun. Ó ní ẹsẹ̀ òun ṣẹ́ lórí òkè nígbà tí òun ń bọ̀, wọ́n tò ó, kò jinná dáadáa, wọ́n tún un ṣẹ́, wọ́n tún un tò. Ó ní nígbà tí òun fi máa fi igi tilẹ̀ délé, ìyàwó òun ti kórè, ó sì ti ń gbin òmíràn. Ó ní kí a kọ orúkọ Keturah sí ilẹ̀ náà, nítorí obìnrin náà ló ni ín. A sọ fún un pé òfin kò gba kí a kọ orúkọ ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ wà láàyè. Ó tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. A kọ orúkọ Asahel."

Delbert na ọwọ́, ó gba ìwé náà, ó gbé e sún mọ́ ojú bí ẹni pé ó fẹ́ rí ojú ẹni tó sọ ọ́.

"Ó sọ fún wọn," ló wí. "Ẹ̀ẹ̀mejì."

"Ẹ̀ẹ̀mejì, Mísítà Delbert."

"Òun kọ́ ló parọ́ nígbà náà. Àwa ni."

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Ti àwọn Brannick ti lọ ju igba ọdún lọ, ọ̀sán ọjọ́bọ̀ kan ló sì bá a. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ tán, kí kọfí tó tutù. Ìjà kan ṣoṣo ló kù, ti béárì. Zelpha fẹ́ yọ ọ́ kí àyè lè wà. Delbert ní wọ́n lè gba àáké lọ́wọ́ òun, wọ́n lè gba Asahel lọ́wọ́ òun, béárì yẹn kò ní kúrò. Zelpha yọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin kúrò níbòmíràn, béárì sì dúró.

Ọjọ́ Sátidé kejì nínú oṣù kẹwàá ni wọ́n ṣí i. Gbogbo igi orí òkè ti pọ́n, ewé kò tíì já. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ títì ti rì òpó tuntun mọ́lẹ̀, wọ́n fi ìṣísẹ̀ mẹ́sàn-án sún un wọnú kúrò létí kọ́nà, kò sẹ́ni tó béèrè ìdí rẹ̀. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì to tábìlì sí àgbàlá Delbert, wọ́n kó adìẹ díndín, ẹ̀wà tútù, ọ̀dùnkún àti oríṣi kéèkì mẹ́sàn-án sórí rẹ̀. Àwọn Brannick dé láti Indiana, láti Tennessee, àwọn tí kò mọ ara wọn rí ń wo imú ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Corinne Abshire wá fúnra rẹ̀. Ó kéré, ó sì ń jẹun ju bí ohùn rẹ̀ ṣe rí lórí fóònù.

Homer Tarver wọ kóòtù. Ó ń kiri láàrin èrò, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé bàbá ńlá òun ló sọ òótọ́ tí gbogbo èyí fi ṣeé ṣe. Delbert dá a lóhùn láti ọ̀ọ́kán pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sí Tarver kankan tó tún un ṣe látìgbà náà. Homer ní kí ó padà wá gẹrun ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kó wá rí ohun tí òun máa fi orí rẹ̀ ṣe.

Delbert ti kọ ọ̀rọ̀ tó máa sọ sínú ìwé mẹ́rin. Nígbà tí wọ́n pè é síwájú, ó mú wọn jáde, ó wò wọ́n, ó ká wọn, ó dá wọn padà sápò. Ó wá sọ ìtàn màlúù fún wọn. Ó sọ àwọ̀ rẹ̀, ó sọ funfun tó wà lójú rẹ̀, ó sọ bí òun ṣe sọ ọ́ fún ọmọ, tí ọmọ sọ ọ́ fún ọmọ-ọmọ. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí àwọn arúgbó fi ń wá ibi tí wọ́n máa fara tì. Ó dúró kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán. Ó ní ìdí tí òun fi sọ ọ́ ni pé òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé bó ṣe rọrùn tó láti sọ èèyàn nù, pé kò gba ìkà, kò gba ọ̀tá, kí àwọn tó fẹ́ràn ẹni ṣáà ti máa sọ ìtàn láìbéèrè.

Àwọn ọmọ rẹ̀ ti ṣètò pé òun ló máa ṣí aṣọ bí ó ti ṣí i nígbà ọmọdé. Ó kọ̀. Ó na ọwọ́ sí Zelpha.

"Mo ti ṣí ti irọ́," ló wí. "Ìwọ ló wá a, ìwọ ni kó o ṣí èyí."

Ojú ti Zelpha, ó sì jáde. Ó fa aṣọ náà, aṣọ há mọ́ orí irin, ó tún un fà, ó já bọ́. Corinne ka ohun tó wà níbẹ̀ sókè:

"Ní àfonífojì yìí, tí àwọn Shawnee ti ń ṣọdẹ láti ayébáyé, Keturah Brannick fi ọkọ́ gbin àgbàdo ní ọdún 1776. Ó pa béárì, ó tọ́ ọmọ méjì, ó sì dúró níhìn-ín fún oṣù mẹ́tàdínlógún láìsí ọkọ nílé. Ọkọ rẹ̀, Asahel, jẹ́rìí níwájú adájọ́ pé Keturah ló ni ilẹ̀ náà."

Kò sí ẹni tó tètè pàtẹ́wọ́. Obìnrin Brannick kan láti Indiana, tí ó gbé ọmọ lé ìdí, ní kí Corinne jọ̀ọ́ tún un kà. Corinne tún un kà. Ìgbà náà ni wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n sì pa á pẹ́.

Zelpha rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú oṣù karùn-ún ọdún tó tẹ̀ lé e, bó ṣe ń kọjá lọ ra irúgbìn tòmátì, ó rí Delbert nínú Pápá Kitty, ó bọ́ kóòtù, ó ń fi ọkọ́ kọ ilẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti yọ koríko ibẹ̀ kúrò fún un, ó sì ti ní òun á fi katakata tú u ní ìdajì wákàtí. Delbert ní rárá, òun fẹ́ mọ bó ṣe rí.

Zelpha páàkì ọkọ̀. Ó bá a tó ti kọ poro méjì, tí ẹ̀kẹta dé ìdajì, ó fi ọkọ́ tilẹ̀, èémí rẹ̀ ń lọ sókè sódò, ojú rẹ̀ pọ́n, inú rẹ̀ dùn.

"Poro mélòó ni ìwé yẹn sọ pé ó kọ?" ló bi í.

Zelpha ní ìwé kò sọ, ṣùgbọ́n kí àgbàdo tó lè bọ́ ẹni mẹ́ta láti ìgbà ìkórè dé ìgbà ìkórè, kò lè dín ní ọgọ́rùn-ún.

Delbert wo ilẹ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ ti ń wú. Ó ní ó jọ pé mẹ́wàá á tó òun. Zelpha bi í bóyá ọkọ́ kejì wà. Ó ní ó wà nínú àká, lẹ́yìn àgbá. Zelpha lọ mú un wá, ó ká ọwọ́ aṣọ, ó mú poro tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, wọ́n jọ ń kọ ilẹ̀ lọ sí apá odò, wọ́n ń sinmi nígbà tó bá rẹ̀ wọ́n, Delbert ń ṣàlàyé fún un pé kò mọ ọkọ́ dì mú, òun náà ń sọ fún un pé kí ó wo poro rẹ̀ bó ṣe wọ́. Ọkọ̀ kan láti ìpínlẹ̀ òkèèrè dúró ní kọ́nà, àwọn èèyàn sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń ka pátákó. Delbert rí wọn. Ó gbọ́wọ́ sókè kí wọn, ó tún tẹ̀ síbi iṣẹ́ rẹ̀.